Arániníṣẹ́ Tí Kò Mọ Ẹni Tó Jẹ́ Ẹ

Ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Àwọn baba wa tí wọ́n pa òwe yìí mọ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí ní ayé tiwọn, arániníṣẹ́ ń bẹ ní ìjókòó, ẹni tí a rán sì mọ̀ pé bí òun bá sọ iṣẹ́ nù sí ọ̀nà, ẹnu ara òun ni òun yóò fi rò ó. Wọn kò rí ọdún 2025, nígbà tí Claude Code ti Anthropic yọ lóṣù Èrèlé, tí Codex CLI ti OpenAI tẹ̀ lé e lóṣù Igbe, tí Gemini CLI ti Google sì dé lóṣù Òkúdù, ìránṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá ni gbogbo wọn, ètò kọ̀ǹpútà sì ni wọ́n ń bá ni kọ. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi hun àsomọ́ kékeré tí à ń pè ní plugin, kí ìránṣẹ́ kan lè gbé iṣẹ́ fún èkejì, kí èkejì gbé e fún ẹ̀kẹta, kí ọ̀gá wọn sì máa mu gààrí olómi tútù lábẹ́ fáànù.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí Ṣágámù, kí ìyá olóbì kan ní Sábó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe ètò tí yóò máa ṣírò agbọ̀n obì gbànja tí ń lọ sí Òkè Ọya, kí ó sì máa yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò kí a tó ṣírò gbèsè. Ó rán ẹ̀rọ kìíní. Ẹ̀rọ kìíní ké ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó fi lé èkejì lọ́wọ́. Èkejì, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, tí kò sì mọ̀ ju ohun tí a kọ fún un lọ, kò gbọ́ orúkọ kòkòrò rárá. Wọ́n ní kí ẹ̀kẹta yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé kúkúrú yẹn náà ni ó fi yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní iṣẹ́ náà pé pérépéré. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tún ti ka gbogbo fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀, dọ́là ni a sì ń san lórí ohun tí wọ́n bá kà. Alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ta ni yóò kọ́ ará Ṣágámù ní ìyẹn?

Àwọn baba wa tún máa ń wí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò mọ tẹrú, kò mọ tọmọ. Bá a wí, yóò tọrọ àforíjì bí àna tuntun, yóò sì tún un ṣe bákan náà.

Ní Ìkẹ́nnẹ́ tí kò jìnnà sí Ṣágámù, Tai Solarin dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956, ó sì fi ọkọ́ lé ọmọléèwé lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé. Èmi kò ní kí a má rán ẹ̀rọ níṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ ebè rí, kí ni yóò fi mọ̀ bí alágbàṣe bá rẹ́ ẹ jẹ?

Nígbà tí ìyá olóbì rí i pé obì jíjẹ ti wọ inú owó, ó béèrè pé, “Ọmọ mi, èwo nínú wọn ni kí n bá wí?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. “Ẹ má bínú, mà. Mo ti rán ìkẹrin kí ó lọ wádìí rẹ̀.”