Ìyá Ìbejì àti Pòtétò Oníháàmù

Ẹ sún mọ́bí kí n tó gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o. Ṣé ẹ rántí pé Ìyá Ìbejì lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wẹ ọmọ tuntun ní Houston? Ó ti dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ rọ̀bọ̀tọ̀, ìró kò ká ìdí rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó ń sọ kiri àdúgbò pé ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun lọ́hùn-ún. Ebi wo? Èmi tí ọmọ náà ń pè lórí WhatsApp!

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà máa ń sun odindi itan ẹlẹ́dẹ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde. Háàmù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti fi iyọ̀ sí i, wọ́n sì ti fi èéfín yan án kó tó dọ́jà. Ìdílé kékeré kì í lè jẹ ẹ́ tán, ìyókù á wá wọ fíríìjì. Ìyókù yẹn ni ọmọ náà fẹ́ fi se pòtétò nínú ààrò.

Pòtétò yìí náà ni irú ti Jọ́ọ̀sì tí obìnrin ẹnu géètì ń tà. Obìnrin yẹn náà! Ràgàjì-ràgàjì ló ń tò sókè, wẹ́wẹ́ ló ń kó sísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ń bọ̀ lọ́la.

Ọmọ náà bẹ pòtétò kìlógíráàmù kan, ó gé e pẹlẹbẹ, kò nípọn ju mìlímítà 3 lọ. Ni Ìyá Ìbejì bá bu omi, ó fẹ́ fọ̀ ọ́.

“Ẹ má fọ̀ ọ́, Màmá! Omi funfun ara rẹ̀ ló ń mú kí mílíìkì ki.”

“Ṣé ìwọ lo máa kọ́ èmi tí mo ń sẹ́ ògì?”

Ọmọ yọ́ bọ́tà ṣíbí ńlá 3, ó ro fúláwà ṣíbí 3 mọ́ ọn, ó wá ń da mílíìkì ife 3 sí i díẹ̀díẹ̀ kó má baà ní kókó. Ó to pòtétò, ó to àlùbọ́sà àti háàmù lé e, ó da mílíìkì lé e, ó tún tò ó bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ táṣẹ́rẹ́ ló fi sí i, torí iyọ̀ ti wà lára háàmù. Ó fi fóìlì bò ó, ó tì í sínú ààrò tó wà ní 180 °C, ó ní tó bá pé ìṣẹ́jú 45 òun á ṣí i kí òkè rẹ̀ lè pọ́n fún bí ìṣẹ́jú 30 sí i. Ó bá lọ fún ọmọ tuntun lọ́mú.

Ẹni tó ní sùúrù ló ń fún wàrà kìnnìún. Ìyá Ìbejì ò ní in. Ó yọ́ lọ sídìí ààrò, ó yí iná dé òpin. Kí ọmọ rẹ̀ tó padà dé, mílíìkì ti hó dà nù, èyí tó kù ti ya, omi lọ́tọ̀, wàrà lọ́tọ̀. Òkè gbẹ, àárín ń dún kurukuru lẹ́nu. Ìyá Ìbejì ní ààrò wọn ni kò dáa!

Nígbà tí wọ́n tún un sè, ọmọ ò kúrò nídìí ààrò. Ìyá Ìbejì jẹ àwo méjì, ó tún ń fi ṣíbí ha ìdí páànù.

Àlàájà, mo rí yín bẹ́ ẹ ṣe ń fajú ro. Tòlótòló tí wọ́n fi èéfín yan ṣe é fi dípò ẹlẹ́dẹ̀, kò sì ní bà á jẹ́. Kí ẹni tó bá sè é jẹ́ kó sinmi bí ìṣẹ́jú 15 kó tó bù ú. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ sọ irú ẹran tó wà níbẹ̀ fún àlejò kó tó fẹnu kàn án.