Iyán Òwúrọ̀ Yìí Kò Jóni Lọ́wọ́ Mọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n ń pa òwe yìí sí: gbèsè tí baba jẹ tí olówó wá ń bi ọmọ, ìjà ilẹ̀ tí àwọn tó dá a sílẹ̀ ti re ibi àgbà ń rè, tí kóòtù sì tún ń ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ-ọmọ wọn, èébú tí ìyálé bú ìyàwó ní ọdún tí a gbé e wọlé, tí ìyàwó fi pamọ́ sí abẹ́ ahọ́n títí òun náà fi di ìyá ọkọ. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ òwe kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, tí a jẹ́ kí iyán jẹ́ iyán, ọmọ iṣu, arẹwà inú odó, ọba tí í jókòó sínú àwo kí ọbẹ̀ tó wá kí i, a ó rí òótọ́ kejì níbẹ̀, pé kò sí ohun tí í pẹ́ ní gbígbóná nínú ìrántí ọmọ ènìyàn tó oúnjẹ. Ẹni tó ti gbàgbé orúkọ tíṣà tó kọ́ ọ ní ABD kò gbàgbé oúnjẹ tí wọ́n sè fún un lọ́jọ́ tó yege ìdánwò. Ẹni tí ojú ìyá ìyá rẹ̀ ti ń ṣú lọ nínú ọkàn rẹ̀, bí èéfín epo pupa bá ti ta sí i nímú, kíá ni ìyá-àgbà yóò dìde níbi tó wà. Ìran tiwa nìkan ló wá rí ọgbọ́n fi tú òwe náà ká. Àwa là ń gún iyán ní òwúrọ̀, tí ọ̀sán kì í tíì pọ́n tí kò fi ní jó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ adùn-ún-gbọ́ lásán ni àwọn baba wa ń sọ. Àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ti wádìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé òórùn kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rin ọ̀nà kan náà. Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ ní láti kọ́kọ́ yà ní oríta kan láàárín ọpọlọ kí a tó pín wọn lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Òórùn kì í yà níbẹ̀, láti ihò imú ló ti ń gba ọ̀nà àbùjá lọ síbi tí ìrántí ń gbé, níbi tí ayọ̀, ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ ti ń bá a gbé ojúlé kan náà. Ìdí nìyí tí òórùn àlùbọ́sà inú epo gbígbóná fi lè mú àgbàlagbà tó wọ agbádá ńlá sunkún, kí ó tó mọ ẹni tí òun ń sunkún rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó bí wa. Ní ọdún 2001, Julie Mennella àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Monell, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n ti fún àwọn aláboyún kan ní omi kárọ́ọ̀tì mu nígbà tí oyún wọn ti dàgbà, wọ́n fún àwọn mìíràn nígbà tí wọ́n ń fún ọmọ lọ́mú. Nígbà tí àwọn ọmọ náà sì dẹni tí ń jẹ oúnjẹ ọmọdé tí a fi kárọ́ọ̀tì sí, wọn kò fajú ro sí i tó àwọn tí ìyá wọn mu omi lásán. A jẹ́ pé ọmọ Ìjẹ̀bú lè ti tọ́ ìkọ́kọrẹ́ wò, kí ọmọ Ìbàdàn sì ti mọ gbẹ̀gìrì, kí wọ́n tó rí ojú ìyá tó sè é. Àwọn àgbà tó ń fi oyin àti iyọ̀ tọ́ ọmọ tuntun lẹ́nu ní ọjọ́ ìkómọ kò ka ìwé Philadelphia. Wọ́n kàn mọ̀ pé orúkọ tí a sọ ọmọ lọ́jọ́ náà kò tíì lè yé e, ṣùgbọ́n adùn oyin yé e dáadáa.

Ẹ wá wo ohun tí a fi ogún yìí ṣe. Ẹ bá mi yà sí ọ̀kan nínú àwọn ilé oúnjẹ tuntun ìlú Èkó ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́, tí owó tí a ń san sì pọ̀ ju ẹran inú ọbẹ̀ lọ. Wọ́n gbé iyán wá síwájú ọmọge kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ooru ń jáde lára rẹ̀, ẹ̀gúsí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, epo ń dán lórí bọ̀kọ́tọ̀. Ọkùnrin náà na ọwọ́, ọmọge gbá ọwọ́ náà sẹ́yìn. “Dúró ná, mi ò tíì yà á!” Ó gba òkè yà á, ó gba ẹ̀gbẹ́ yà á, ó ní kí ọkùnrin náà gbé òkèlè kan dúró ní agbede méjì àwo àti ẹnu, kí ó sì rẹ́rìn-ín ẹni tí oúnjẹ dùn mọ́, nígbà tí oúnjẹ kò tíì kan ahọ́n rẹ̀. Ìyá tó gbé oúnjẹ wá dúró títí, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, iyán yín ti ń tutù o.” Ọmọge dáhùn pé, “Ẹ má bínú, Mà, ó ku ẹyọ kan.” Kí ẹyọ kan náà tó parí, iyán ti le lójú, epo ti dì sétí àwo. Gbogbo ayé orí Instagram ti fi ojú jẹ iyán náà yó. Àwọn méjì tó sanwó rẹ̀ nìkan ni kò rí i jẹ ní gbígbóná. Ní ogún ọdún sí i, àwòrán náà yóò ṣì máa dán, bí fóònù náà bá ṣì wà, ṣùgbọ́n a kò tíì gbọ́ ọ rí pé àwòrán jóni lọ́wọ́.

Àwọn kan ti sọ ọ́ di iṣẹ́. Wọ́n ń gbé kámẹ́rà láti bùkà dé bùkà; wọ́n á bu òkèlè kan, wọ́n á di ojú, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní àbùlà yìí rán àwọn létí ìyá àwọn ní Ìbàdàn, nígbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò gbé Ìbàdàn rí, tí ìyá rẹ̀ wà láàyè ní Surulere, tí kò sì yà kí i láti ọdún Àjíǹde. Olóúnjẹ ti sanwó ìrántí náà sílẹ̀. Òwe ti wí pé ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ohun tí òwe kò mọ̀ ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó fún ẹnu ní dòdò lọ́fẹ̀ẹ́, tí a ó tún fún un lówó ọkọ̀.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wọ ilé àwọn tí kò ráyè jáde. Inú ọ̀rá ni iyán tiwọn ti ń wá, ìyẹ̀fun tí a ń pè ní pọ́ńdò, tí a dà sínú omi gbígbóná, tí a rò fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tí aládùúgbò kankan kò gbọ́ ìró odó, tí ọmọ kankan kò sì ti ìró náà mọ̀ pé àlejò ń bọ̀. Ọbẹ̀ wà nínú fíríìsà láti oṣù tó kọjá, nínú ike tí a kọ ọjọ́ sí lára, nítorí pé ẹni tó sè é gan-an kò lè rántí bí kò bá kà á. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àwa náà pa owó, owó fíríìsà, owó jẹnẹrétọ̀, owó epo tí jẹnẹrétọ̀ ń mu, ọbẹ̀ sì dì gbagidi. Bí ọmọ bá wá béèrè pé, “Mọ́mì, kí lẹ fi sínú ọbẹ̀ yìí tó fi ń ta sánsán?” èsì tó máa gbọ́ kò ju “Mágì ni” lọ. Ní ọdún 1908 ni ilé iṣẹ́ Julius Maggi, ní ilẹ̀ Switzerland, gbé kóró náà jáde, kí ẹni tí kò rówó ẹran rà lè rí omi ẹran mu. Lónìí, ẹni tó ti kó ẹran, ẹja àti edé sínú ìkòkò kan náà ló tún ń ju kóró mẹ́ta lé e lórí, gbogbo ìkòkò àdúgbò sì ń tú òórùn kan náà, débi pé ọmọ tó ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ kò lè fi imú mọ ilé baba rẹ̀ mọ́.

Irú ni Mágì gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe irú á se hóró rẹ̀ láti àárọ̀ mọ́jú nítorí pé èèpo rẹ̀ le. Á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí kí ó gún un kí èèpo lè bọ́, á fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́, á tún un sè, á fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Òórùn iṣẹ́ yìí ni àwọn ọ̀mọ̀ràn wa ń sá fún. Ẹ lọ wo ọkùnrin Yorùbá tó rí jájẹ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ìyẹn tí kò fẹ́ kí aládùúgbò òyìnbó gbóòórùn ilé òun: bí aya rẹ̀ bá da irú wooro sí ẹ̀fọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ nínú òtútù, yóò sì tan àbẹ́là olóòórùn dídùn. Bó bá di Àbámẹ́ta, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Peckham, yóò sanwó gegere lórí ẹ̀fọ́ onírú, yóò fà á símú, omi yóò lé ròrò sí i lójú, yóò ní, “Háà, ilé!” Ilé tó gba ojú fèrèsé lé jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń sanwó wá ní Àbámẹ́ta. Ẹni yìí kan náà lè ròyìn fún yín, láìkọsẹ̀, nípa ìwé tí Marcel Proust ará ilẹ̀ Faransé tẹ̀ jáde ní 1913, níbi tí ẹni tó ń sọ ìtàn ti rẹ kéèkì kékeré kan sínú tíì, tí gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ sì ya jáde. Ẹ bi í léèrè bí a ṣe ń ṣe irú, yóò ní kí ẹ jẹ́ kí òun wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìrẹsì pàápàá kò gbẹ́yìn. Nígbà tí igi ìdáná jẹ́ ọ̀ràn-an-yàn, ọmọbìnrin tó bá jẹ́ kí ìrẹsì jóná nídìí ìkòkò yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lónìí, lórí ẹ̀rọ ìdáná tí kì í rú èéfín, a ń dìídì jó ìdí jọ̀lọ́ọ̀fù kí ó lè dà bí ìrẹsì òde ìnáwó.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín kọjá òkun, kí ojú lè tì wá díẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil kò gbé ìkòkò dání, wọn kò sì kọ ọ̀nà ìsebẹ̀ sínú ìwé. Ohun tí wọ́n gbé wọ ọkọ̀ kò ju ọwọ́ àti ahọ́n lọ, ọwọ́ náà sì wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé ìlú Salvador lónìí, ẹ ó bá àwọn obìnrin aláṣọ funfun lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń po ẹ̀wà lílọ̀ títí yóò fi wú, tí wọ́n ń dín in nínú epo pupa, tí wọ́n ń pè é ní acarajé, tí àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé sì ń gbé e síwájú Ọya, ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀, aya Ṣàngó, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá ìyá wọn ti ń ṣe. Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà náà sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn. Nígbà tí a sì fẹ́ lé wọn kúrò nítòsí pápá Fonte Nova nítorí ìdíje Ife Àgbáyé ti 2014, wọ́n fárígá, wọn kò gbà, títí a fi wá àyè fún wọn. Iyán ogún ọdún kọ́ nìyẹn; àkàrà bí igba ọdún ni, ó sì jó FIFA lọ́wọ́. Àwọn tí a gba ohun gbogbo lọ́wọ́ wọn ni ó rántí. Àwa tí a kò gba nǹkankan lọ́wọ́ wa là ń ra ìyẹ̀fun ẹ̀wà láti fi dín àkàrà.

Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń pariwo pé, “Sọ fún wọn! Kí àwọn obìnrin padà sídìí odó!” Ẹ rọra o, ẹ̀yin alàgbà. Iyán tí ẹ ń ṣàárò rẹ̀ yìí, èjìká ta ni ó gún un? Adùn tó kù lẹ́nu baba, èépá ló jẹ́ ní àtẹ́lẹwọ́ ìyá. Bí pọ́ńdò bá wọ ilé obìnrin tó ń jí ní agogo mẹ́rin ìdájí láti bá ọkọ̀ Èkó díje, àdúrà rẹ̀ ló gbà, kí ẹnikẹ́ni má bá a wí. Ẹni tí ìbáwí tọ́ sí ni ọ̀gbẹ́ni tó ń wá ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ kiri láti ilé oúnjẹ dé ilé oúnjẹ, tí kò ro ọkà rí láyé rẹ̀, tí kò sì lè sọ ibi tí ìjábẹ̀ wà nínú ilé ara rẹ̀. Ó fẹ́ kí iyán jó òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí iná ta sí òun lára.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé fíríìsà jù sígbó. Kí a kàn máa se ohun kan lójú ọmọ bí ọ̀sẹ̀ bá yí po. Kí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin jọ jókòó ti ewédú, kí wọ́n já a, kí ata ta sí wọn lójú. Kí baba ro àmàlà, kí ó ní kókó, kí gbogbo ilé sì fi rẹ́rìn-ín títí ikùn yóò fi dùn wọ́n. Kókó inú àmàlà baba yẹn ni àwọn ọmọ yóò máa pa nítàn nígbà tí orí àwọn náà bá ti funfun. Bí a bá kọ̀, tí ó bá jẹ́ pé ọlọ́kadà ni yóò máa gbé oúnjẹ wa kan ilẹ̀kùn láti ọjọ́ ìkómọ dé ọjọ́ ìgbéyàwó, a jẹ́ pé kí a yáa múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí a ó di olóògbé, kí òkú wa má sì bínú bí ọmọ bá jókòó ti pósí pẹ̀lú ojú gbígbẹ, tí ó wá bú sẹ́kún gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tó gbọ́ fèrè ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà.