Iná Lórí Òrùlé

Ọmọkùnrin kan wà lórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní N'Gattakro, níbí ní Bouaké, ó ń lẹ ẹní ọ̀dà dúdú mọ́ dálì kí òjò má baà rí ààyè jò. Ṣálúmò wà lọ́wọ́ rẹ̀, iná ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí ìgò gáàsì tó gbé sẹ́yìn ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣálúmò náà yá a láti ìdí dé ọrùn. Mo figbe ta láti ìsàlẹ̀. Ó bojú wolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù, bàbá. Òtútù ló ń mú un."

Òtútù ń mú un lóòótọ́. Omi ni gáàsì inú ìgò. Bó bá ń di afẹ́fẹ́, ara ìgò ló ti ń fa ooru tó fi ń ṣe é. Bí iná bá fà á jù, ìgò á tutù, ìrì á bò ó, iná ẹnu ṣálúmò á sì máa kú lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ propane ni irú iṣẹ́ yìí fẹ́, nítorí ó lè hó títí dé ìwọ̀n 42 sísàlẹ̀ òdo, nígbà tí butane ń rẹ̀wẹ̀sì bó bá ti ń sún mọ́ òdo. Butane ni gáàsì tí a fi ń se ọbẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Ìgò ilé ìdáná sì ni ọ̀gbẹ́ni yìí gbé gun òkè. Régúlétọ̀ ìdáná kò lè tú gáàsì tó fún ṣálúmò, ó bá yọ ọ́ dànù, ó ki rọ́bà bọ ẹnu ìgò, ó fi wáyà dì í.

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn: ẹni tí ọ̀ràn bá wà lọ́rùn rẹ̀ kì í fọwọ́ rọrí. Koríko ni òrùlé àwọn tó pa òwe yìí. Kò wá sí wọn lọ́kàn rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ ọmọ wọn yóò bẹ iṣẹ́ fún ẹni tí yóò gbé iná gorí ilé ní ọ̀sán gangan, tí wọn yóò sì tún dúnàá dúrà lórí owó rẹ̀. Ti oorun wá kù. Agogo méjìlá kọjá, ọmọkùnrin náà pa iná, ó gbé ṣálúmò tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń pọ́n ka orí dálì, ó sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ atiéké, ó sì na gbalaja sábẹ́ igi máńgòrò. Kí ó tó pẹ́, ó ń hanrun.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwà àwa ará Bouaké nìkan ni. Uppark jẹ́ ilé ńlá kan ní Sussex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ọdún 1690 ni wọ́n ti kọ́ ọ. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, oníṣẹ́ kan ń fi iná ọwọ́ tún òjé òrùlé rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ ti fẹ́ parí pátápátá. Iná rá wọ inú igi, òrùlé àti àjà òkè sì lọ. Ọdún 1995 ni wọ́n tó lè ṣílẹ̀kùn fún àlejò padà. Àwọn òyìnbó wá ní ìlànà báyìí: bí ẹni tó ń fi iná ṣiṣẹ́ bá ti parí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó ti ibẹ̀, kó máa wò ó. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ìlànà NFPA, àjọ ìdènà iná ti Amẹ́ríkà, sọ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2019 wọ́n sọ ọ́ di wákàtí kan. Òwe wa náà ni, wọ́n kàn so aago mọ́ ọn lọ́rùn.

Mi ò lè bínú sí ọmọkùnrin náà. Ó mọ iṣẹ́ ọ̀dà dáadáa, ẹni tó yẹ kó kọ́ ọ ní ti iná ni kò sí. Ta ló sọ fún un rí pé ṣálúmò kan wà tí iná rẹ̀ máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ọwọ́ bá ti kúrò lára rẹ̀? Pé òòró ni ìgò ń dúró, torí bó bá sùn sílẹ̀, omi gáàsì ló máa tú jáde dípò afẹ́fẹ́? Omi ọṣẹ ni a fi ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò, òun ń fi ìṣáná wá a. Gáàsì tó bá sì jò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, yóò rọra sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ lọ bá ẹni tó ń dá iná ọbẹ̀ nísàlẹ̀. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ńkọ́? Jẹ́sì àwọn Erin, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Côte d'Ivoire, irú èyí tí wọ́n wọ̀ na Nàìjíríà ní 2-1 ní oṣù Kejì ọdún 2024 (mi ò tíì dárí jì wọ́n). Bí iná bá kan irú aṣọ bẹ́ẹ̀, yíyọ́ ló máa yọ́ mọ́ ọn lára.

Onílé ni mo bá jà. Mo ní kó wá ẹnì kan tí yóò ṣọ́ òkè fún wákàtí kan bí iṣẹ́ bá parí. Ó wò mí bí ẹni pé mo tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí n máa sanwó fún ẹni tó jókòó lásán?" Ó ti san ti àwọn onílù ìṣílé tán ní tirẹ̀. Lórí dálì yẹn náà ni wọ́n sì ti máa lù.