Bí Python Ṣe Kéde Gbèsè Nílé Àna Mi

Ọ̀lẹ ló sún mi dé ìdí Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa, èmi ni mo sì ń tẹ orúkọ àti gbèsè gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lóṣooṣù. Ìgbà tí mo gbọ́ pé PyAutoGUI, àkójọ kóòdù Python tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Al Sweigart, lè máa bá mi tẹ máòsì àti kíbọ́ọ̀dù, mo ní ìyà ti tán.

Àmọ́ bí mo ṣe lò ó, kò lójú. Iye píksẹ́lì láti igun òkè lápá òsì lo máa kà fún un. Ibi tí iye náà bá já sí ló máa tẹ̀, ohun yòówù kó wà níbẹ̀. Sweigart mọ̀ pé irú wa ò ní wọ́n, ó fi bíréèkì sí i: sún máòsì lọ sí igun òkè lápá òsì yẹn, iṣẹ́ á dúró. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, á tún sinmi fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo fi FAILSAFE = False pa bíréèkì náà, mo sọ PAUSE di 0, mo bá lọ rẹ gààrí.

Bọ́tìnì Save wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ náà ni Windows máa ń gbé ìkéde WhatsApp sí. Àna mi kan kí gbogbo ẹbí káàárọ̀, Python tẹ ìkíni náà, WhatsApp ẹbí ìyàwó mi ṣí gbayawu, ó sì ń to gbèsè síbẹ̀, ó ń tẹ Enter lé e.

Ó tún ń gé orúkọ jẹ. Lẹ́tà tí kò bá sí lórí kíbọ́ọ̀dù, ṣe ló máa ń fò ó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Adéọlá di Adl. Ṣọlá di l. Ọ̀ṣọ́ pòórá pátápátá. 45000 rẹ̀ nìkan ló jáde, kò lólúwa.

Mo gbá máòsì mú, ó já gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sún un lọ sígun, kò gbọ́. Ta ló ní kó má gbọ́? Bọ́tìnì iná ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí kọ̀ǹpútà fi kú.

Bàbá ìyàwó mi ló kọ́kọ́ pè. “Ọmọ mi, ṣé kò sí o? Ta lo jẹ ní 45,000?” Mo ń ṣàlàyé àmì ohùn fún wọn, wọ́n ní kí n fi àmì sílẹ̀, kí n sọ̀rọ̀ owó.

Pyperclip, àkójọ kóòdù mìíràn, ló ń da orúkọ kọ báyìí, Ctrl+V ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ, ohun kankan ò já bọ́ mọ́. Bíréèkì náà ti padà sáyè rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí àbúrò ìyàwó mi fi ránṣẹ́ pé kí n fi dín gbèsè mi kù, mo ti dá a padà. Ìyàwó mi ní irọ́ ni.