Oríkì Kábíyèsí Àìsùn, Aláàfin Sátẹ́láìtì Táùn

Àìsùn Àjàní, ọmọ a-ka-pákó-àjà-títí-ilẹ̀-fi-mọ́! Olùṣọ́ òru tí kì í gbowó oṣù. A-pọ́n-ojú-ẹni-láì-fún-un-lọ́tí. Òkìkí rẹ̀ kàn láti Festac dé Abúlé Adó, ṣùgbọ́n Sátẹ́láìtì Táùn ló kọ́ ààfin sí.

Ìjòyè rẹ̀ pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Èkó ń pè ní I better pass my neighbour ni Ọ̀tún. Bí NEPA bá ti múná lọ, Ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ orin nìyẹn. Ẹ̀fọn inú gọ́tà ni Òsì. Balógun ni àwọn tẹ́ńkà tó ń lọ gbé epo ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, tí wọ́n ń fọn fèrè láàárín òru.

Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ kọjá Mile 2 kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ á ti dìde láago mẹ́rin ààbọ̀. Nínú dánfó, orí rẹ̀ ń yẹ̀ lu èjìká ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kọ́ńdọ́ ní kò sí ṣéńjì, ni òṣìṣẹ́ wa bá fẹ́ wọ̀yá ìjà nítorí igba náírà.

Ẹ má bú òṣìṣẹ́ náà, ọba Àìsùn ló ń jẹ́ iṣẹ́ fún. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí Matthew Walker wà lára wọn, fi ẹ̀rọ yẹ ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì sùn fún nǹkan bíi wákàtí 35 wò. Wọ́n fi àwòrán tó ń bani nínú jẹ́ hàn wọ́n. Apá ọpọlọ tó ń ru ìbẹ̀rù àti ìbínú sókè ta kìjí ju ti àwọn tó sùn lọ ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Iwájú ọpọlọ, tó yẹ kó pẹ̀tù sí i, kò rí i bá sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ajagunṣẹ́gun! Láti ìparí ọdún 1963 wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964, Randy Gardner, ọmọ ọdún 17 ní San Diego, foríbalẹ̀ fún un fún wákàtí 264 láìsùn. Ìkanra dé, ìgbàgbé dé, ó tún ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìwé Guinness ò tiẹ̀ gba irú ìdíje bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìyàwó Kábíyèsí ni Ìrònú. Ẹni tó ń ronú kò rí oorun sùn, ẹni tí kò sùn, ìrònú rẹ̀ ń le sí i. Ẹni tí tọkọtaya yìí bá ń bẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tó sì ti di oṣù mẹ́ta, kó lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé Sátẹ́láìtì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fẹnu kò sí aago kan tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò yóò máa kú lálẹ́.