Béèlì Tí Kò Lè Wọ Dánfó

Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, Adájọ́ Binta Nyako fún Nnamdi Kanu, olórí ẹgbẹ́ IPOB, ní béèlì l'Abuja. Onídùúró mẹ́ta ni kó wá, mílíọ̀nù 100 náírà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan: sẹ́nétọ̀ kan, olórí ẹ̀sìn Júù kan, àti èèyàn ńlá kan tó nílé n'Ábújá. Wọ́n tún ní kò gbọdọ̀ sí láàárín èrò tó ju mẹ́wàá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí irú béèlì yìí má dé Mowe ní ìpínlẹ̀ Ògùn o! Ẹni tó bá wọ dánfó ti rúfin kí kọ̀ńdọ́ tó pariwo “wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ”. Ọjà Ifọ̀ ńkọ́? Ẹni mẹ́wàá ló ń wo èèyàn kan tó ń ná gàrí. Ìsìn ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù ní Redemption City, ibùdó ìjọ RCCG? Ẹ̀wọ̀n tààrà ni. Ní ti onídùúró, ẹ jẹ́ ká fi ti sẹ́nétọ̀ àti olórí Júù n'Ibafo sílẹ̀ ná. Onílé ló kù, wọ́n sì pọ̀ bí erùpẹ̀, àmọ́ ẹ ní kí wọ́n mú ìwé ilé wá, rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ ni wọn yóò tẹ́ síwájú adájọ́, mẹ́ta lórí pílọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, orúkọ onílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin ará Mowe, ẹ tètè lọ gba C of O yín, ìwé àṣẹ ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba.