Ẹ Bá Ẹniọlá Sàlámì Gba Epo

Irú òǹwòran kan wà tó jẹ́ pé láàárọ̀, bí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, èpè ló fi ń jẹ ẹ̀kọ. Olóṣèlú tó kówó ìlú jẹ, kí Ṣàngó bá a wí. Tọ́ọ̀gì tó gbé àpótí ìbò sá lọ, kó má dáa fún un. Tó bá di alẹ́, ẹni yìí kan náà á ra dátà, á tan jẹnẹrétọ̀, á jókòó ti King of Boys: The Return of the King tí Netflix gbé jáde lọ́dún 2021, á sì máa gbàdúrà kí Ẹniọlá Sàlámì di gómìnà Èkó.

Kẹ́mi Adétiba ló kọ́kọ́ mú Ẹniọlá wá sójú agbo nínú fíìmù King of Boys lọ́dún 2018. Lójú ayé, oníṣòwò ńlá ni, ìyá ọlọ́mọ méjì, ọ̀rẹ́ àwọn olóṣèlú. Lábẹ́lẹ̀, òun ni olórí àwọn ọ̀daràn Èkó. Àwọn ọ̀gá jàǹdùkú pàápàá ń wárí fún un, ẹni tó bá sì yájú sí i, àfàìmọ̀ kí wọ́n má máa wá òkú rẹ̀. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe é débi pé bó bá sunkún, omi á lé ròrò lójú àwọn tó wà nílé. Ìyẹn ò burú. Iṣẹ́ òṣèré ni. Àdúrà yẹn ló ń pani lẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò fẹ́ kí tọ́ọ̀gì àdúgbò rẹ̀ di káńsẹ́lọ̀ ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọ̀gá gbogbo tọ́ọ̀gì wọ ilé ìjọba, nítorí pé gèlè rẹ̀ ga, tí Mákànákí tó ń bá a jà sì burú jù ú lọ.

Àwọn àgbà ní agbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀: ẹni tó ran olè lọ́wọ́ ni olè gan-an. Àwọn tó ń kọ eré lóde òní mọ òwe yìí ju bàbá tó pa á lọ. Agbépo kì í wọ́n wọn. Ọwọ́ tí yóò gbà á nísàlẹ̀ ni wọ́n ń wá. Nítorí náà, kí olè tó gun àjà, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìgbà èwe rẹ̀ hàn wá: ebi tó pa á, bàbá tó lù ú, ọ̀rẹ́ tó dà á. Wọ́n á fi ohùn dùùrù díẹ̀ sí i. Kí kẹ́ẹ̀gì tó yọ, a ti na ọwọ́ méjèèjì sókè, a sì ti sanwó oṣù fún àǹfààní àtibá wọn gbà á.

Láyé ọjọ́un, ọmọdé tó ń wo fíìmù Ṣáínà mọ "actor", ó mọ "boss". Actor kì í kú. Boss ní láti kú, ó pẹ́ ni, ó yá ni. Kì í ṣe pé olè kò jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn rí nínú eré wa. Nínú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Túndé Kèlání ṣe lọ́dún 1993, Ọ̀tún Aṣiyanbí, tí Kareem Adépọ̀jù ṣe, lọ́wọ́ nínú títa ilẹ̀ ọlọ́wọ̀ kí wọ́n lè fi kọ́ ilé epo (àfi bí ẹni pé epo kì í tán nínú ọ̀rọ̀ yìí). Aṣiyanbí la ń tọ̀ lẹ́yìn bó ṣe ń sá fún ikú, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá, ẹ̀rín rẹ̀ ń pa wá. Ṣùgbọ́n eré náà kò fìgbà kankan bẹ̀ wá pé ká bá a ta ilẹ̀.

Èyí tó burú jù ni pé a ti mọ epo gbà débi pé a kì í dúró kí wọ́n bẹ̀ wá mọ́. Kúnlé Afọláyan kò fi Sàró pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú Aníkúlápó, tó jáde lọ́dún 2022. Ahunṣọ ni, ó dé Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ òfo. Obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Àwárùn, gbà á sílé. Sàró fi í sílẹ̀, ó lọ ń yan Arólákẹ́, ìyàwó ọba, lálè. Wọ́n pa á, ẹyẹ Àkàlà jí i dìde, Arólákẹ́ ló sì gba àdó tí wọ́n fi ń jí òkú lọ́wọ́ ẹyẹ náà fún un. Ó ń jí òkú, owó dé, ó fẹ́ ìyàwó lé Arólákẹ́, ìgbéraga gùn ún, títí ó fi ní àfi kí wọ́n fún òun ní ọmọbìnrin ọba kí òun tó jí àrólé dìde. Arólákẹ́ mú agbára inú àdó kúrò, ó bá tirẹ̀ lọ. Ta wá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dá lẹ́bi lórí ayélujára? Arólákẹ́! Wọ́n ní òun ló ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Àìsàn yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní Amẹ́ríkà, Walter White inú Breaking Bad, olùkọ́ kẹ́mísìrì tó di ẹni tó ń se oògùn olóró, pa ènìyàn, ó fún ọmọdé ní májèlé jẹ, àwọn òǹwòran ṣì ń ki í. Skyler ìyàwó rẹ̀ tó ń béèrè ibi tó ń lọ ni wọ́n kórìíra. Kódà nígbà tí Skyler fúnra rẹ̀ padà bá a gba epo, tó ń bá a fi ilé ìfọkọ̀ bo owó oògùn náà, wọn ò dárí jì í. Lọ́dún 2013, Anna Gunn tó ṣe Skyler kọ̀wé sínú New York Times pé ìkórìíra náà ti kúrò lára ẹ̀dá ìtàn, ó ti dé ara òun. Ẹnì kan tiẹ̀ béèrè lórí ayélujára ibi tí òun ti lè rí i pa. Ẹni tí kò jí nǹkan kan gbé láyé rẹ̀ ń wá bí yóò ṣe pààyàn nítorí olè orí ẹ̀rọ!

Lọ́dún 2024, Afọláyan dá Sàró padà nínú Aníkúlápó: Rise of the Spectre. Ó kú, ọ̀run kò gbà á wọlé. Wọ́n ní kó padà sáyé, kó lọ kó gbogbo òkú tó ti jí dìde wá. Inú àwọn òǹwòran dùn pé ọmọkùnrin dáadáa náà ti dé, wọ́n ń ṣàánú rẹ̀ pé iṣẹ́ yìí yóò pọ̀ fún un. Àwọn tó fẹ́ wá pa ńkọ́? Ìyẹn kò kan ẹnikẹ́ni.